Kí Ẹ Tó Jókòó Ti Tábìlì Káàdì Nínú Ọkọ̀ Ojú Òkun

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ fara balẹ̀ wo yàrá tí ẹ ń rí yìí. Àwọn tábìlì káàdì tò síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ roulette, èyí tí wọ́n máa ń yí kí bọ́ọ̀lù kékeré lè kó sí ojú ihò nọ́ńbà kan, sì wà ní igun kan, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n fi bo gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni a wà nínú rẹ̀, ó ṣì dúró ní èbúté Miami, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi ṣí.

Òfin ló fà á. Orílẹ̀-èdè tó ni etíkun ló ní àṣẹ lórí omi tó wà lẹ́bàá rẹ̀, èyí tí òfin àgbáyé kò jẹ́ kó kọjá máìlì ojú òkun 12. Bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí ilẹ̀ tó bí òfin ṣe fẹ́ ni wọ́n máa ń ká aṣọ náà kúrò. Ọkọ̀ Pride of America, tó ń lo àsíá Amẹ́ríkà, tó sì ń yí àwọn erékùṣù Hawaii po, kò ní yàrá tẹ́tẹ́ rárá, nítorí pé Hawaii kò fàyè gba tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ tábìlì blackjack, eré káàdì tí èèyàn ti ń wá kí àpapọ̀ káàdì rẹ̀ sún mọ́ 21 láì kọjá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láìfura. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò kì í ṣe káàdì, bí kò ṣe ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà. Bí wọ́n bá kọ 3 sí 2, tí ẹ sì fi dọ́là 10 ta, tí káàdì A àti ọba bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, dọ́là 15 ni èrè yín. Bí ó bá jẹ́ 6 sí 5 ni wọ́n kọ, dọ́là 12 péré ni. Dọ́là mẹ́ta lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n A pẹ̀lú ọba tàbí káàdì mìíràn tí iye rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá máa ń bọ́ síni lọ́wọ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń yọ nínú owó yín. Ní Las Vegas, ìlú tí ilé tẹ́tẹ́ pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà, ẹni tí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò dìde, yóò sì rìn lọ sí ilé kejì. Lójú agbami òkun, kò sí ilé kejì. Ní tèmi, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ la ojú rẹ̀ ju ẹni tó wà lórí ilẹ̀ lọ.

Roulette kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí òdo méjì bá wà lára kẹ̀kẹ́ náà, ojú ihò 38 ló ní. Ká ní ẹ fi dọ́là kọ̀ọ̀kan sí gbogbo wọn, ẹ ó ná dọ́là 38, ẹ ó sì gba 36 padà, ibi yòówù tí bọ́ọ̀lù náà ì báà kó sí. Bí òdo kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, dọ́là kan ni ẹ pàdánù dípò méjì. Ẹ ka àwọn òdo náà kí ẹ tó yọ owó. Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò rí ìyàtọ̀ níbí: nínú ayò, ọgbọ́n lè gba èèyàn là, kò sí ọgbọ́n tí bọ́ọ̀lù kékeré yìí ń gbọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún káàdì tí ẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ni ẹ lè fi gba àwọn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta, tí wọ́n á sì kọ gbèsè rẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ àti ọtí yín, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ń bu owó iṣẹ́ lé e. Owó tí a kò fọwọ́ kà kì í tètè dunni. Ẹ mú iye tí ẹ lè pàdánù lọ́wọ́, kí ẹ sì fi káàdì náà sílẹ̀ nínú àpò.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, kí wọ́n tó ti ibi ìsanwó, ẹ dá gbogbo ike tó bá kù padà kí wọ́n sì san owó yín, nítorí pé bí ẹ bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, kò sí ọjà tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.