Ohun Tí Ẹ Ń Wò ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ 15 oṣù Kínní, ẹ ó rí Ààrẹ ní Abuja àti àwọn gómìnà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn tí wọ́n ń gbé òdòdó síwájú ère ológun. Ta ni wọ́n ń yẹ́ sí?

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1918. Ìjọba wá gbé e sí oṣù Kínní, torí ọjọ́ 15 rẹ̀ lọ́dún 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rò pé ogun Biafra nìkan ni wọ́n ń rántí. Rárá o. Àwọn tó lọ Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà níbẹ̀: Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì tí Gẹ̀ẹ́sì kó sọdá òkun lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, orí làwọn ọmọ wa fi ń ru ẹrù nínú igbó, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn.

Ìrun Jímọ̀ àti ìsìn ọjọ́ Àìkú ló máa ń ṣáájú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ wo ọwọ́ àwọn ṣọ́jà dáadáa. Wọ́n á dorí ìbọn kodò, ẹnu rẹ̀ á wà lórí bàtà, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí rẹ̀, wọ́n á sì tẹrí ba. Ẹni tó ń fun fèrè á fun Last Post, orin ìdágbére fún àwọn tó kú, gbogbo èèyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni fèrè Reveille, orin ìjí àwọn ṣọ́jà, á dún. Ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni fóònù ti sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹ pa á kí ẹ tó wọlé.

Òdòdó ló kàn. Olórí á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á gbé e kalẹ̀, á sún sẹ́yìn; ẹni tó wọ aṣọ ológun á kí bíi ológun, ẹni tó wọ agbádá á tẹrí ba. Atẹ́gùn ọyẹ́ lè bì í ṣubú, nítorí náà ẹ fi wáyà so ó mọ́ ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Aṣojú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì àti ti àwọn opó ló sábà máa ń kẹ́yìn. Èyí dùn wá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní 1944 ti ń lọ sí 100 ọdún báyìí. Kò yẹ kó dúró nínú oòrùn de àwọn òṣèlú. Ẹ fún wọn ní ìjókòó lábẹ́ ibòji, ẹ gbé omi sí tòsí, kí ẹnì kan sì dúró tì wọ́n.

Ìbọn ẹ̀yẹ 21 á dún. Ẹ̀tù lásán ni, kò sí ọta nínú rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ìrántí, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ẹyẹlé tó bá ti há sínú àgò kékeré láti òru, tí ìbọn sì ti dẹ́rù bà, á kàn bà sórí àgò ni. Àgò tó fẹ̀, omi, àti ẹyẹlé tó mọ̀ ọ́n fò ló lè dènà rẹ̀.

Tí bàbá yín àgbà bá fi mẹ́dà Burma Star, ti àwọn tó jagun Bọ́mà, sílẹ̀, ẹ lè so ó mọ́ aya lọ síbẹ̀. Apá òsì ni ẹni tó jagun fúnra rẹ̀ ń so ó sí. Apá ọ̀tún ni ti ọmọ àti ọmọ-ọmọ.