Kí Ẹ Tó Ná Àdìrẹ Yẹn Wálẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ wo ọwọ́ ìyá yìí dáadáa. Aró ti wọ abẹ́ èékánná wọn, ó ti di búlúù títí dé ọrùn ọwọ́. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú la wà, l'Abẹ́òkúta níbí.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá ń ṣe. Wọ́n ti ro láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù lórí iná, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń ya bátànì sára aṣọ funfun yẹn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń fà á jáde: aṣọ náà rí bí ewé tútù! Atẹ́gùn ló máa fẹ́ sí i kó tó di búlúù. Bí kò bá tíì dúdú tó, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́, wọ́n á tún sá a. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá họ ẹ̀kọ kúrò.

Oníbàárà wá dé. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti ná an dé ìdajì. Ìyá ò fẹ́ tà, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ alẹ́ ò tíì sí nílé. Wọ́n tà á.

Ara ta lowó tó já yẹn ti jáde? Ẹni tó ta aṣọ funfun ò dín tiẹ̀ kù. Ẹni tó ta kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, náà ò dín tiẹ̀ kù. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ló lọ, àti owó ìbọ̀wọ́ tó yẹ kí ọmọṣẹ́ wọn wọ̀ kí kọ́sítíìkì má baà jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá òwò àìrẹ́jẹ sílẹ̀ nìyí, ìyẹn òwò tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹni tó ṣe ọjà jẹ. Ní 1988, wọ́n lẹ àmì òwò àìrẹ́jẹ mọ́ kọfí àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò tí wọ́n ń tà ní Họ́láńdì. Lónìí, kòkó tó bá ní àmì Fairtrade, ìyẹn àmì òwò àìrẹ́jẹ, iye kan wà tí olùrà ò gbọ́dọ̀ rà á sísàlẹ̀ ẹ̀, bí ọjà àgbáyé tilẹ̀ wó. Wọ́n tún ń san àfikún lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan; ní 2019, wọ́n gbé e dé dọ́là 240. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló máa jókòó pinnu ohun tí wọ́n á fi àfikún yẹn ṣe. Ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo ní Gánà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, fi tiwọn gbẹ́ kànga, wọ́n fi kọ́ ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni ò ṣe wọ́n ní sàráà o, kòkó wọn ni wọ́n tà.

Ẹ lè má rí irú àmì yẹn lára aṣọ n'Ítòkú, ṣùgbọ́n ojú yín tó o. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, gbogbo òdòdó ara ẹ̀ á dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Ti ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, ẹ béèrè ọjọ́ tó gbà wọ́n. Ẹ ná an, ọjà ni, nínájà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí owó aṣọ funfun mìíràn kù sí wọn lọ́wọ́, kí owó iṣẹ́ náà sì kù.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá yìí bí. Kò sí èyí tó ń ya ẹ̀kọ nínú wọn. Wọ́n ní àwọn mọ iye tí àwọn èèyàn ń ra aṣọ ìyá àwọn.