Líìsì kọ́ là ń jẹ: ọ̀rọ̀ lórí purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa

Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Sátidé sílẹ̀ fáwọn tí ò lè wá. Mi ò yọ àwàdà kankan kúrò o, ẹni tínú ẹ̀ ò bá dùn sí i kó pè mí.

Ká ní ẹ lọ òde àríyá, ẹ wá yà sí kíṣìnì alásè, ẹ rí líìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, ẹran ewúrẹ́. Ṣé ẹ ti yó nìyẹn? mRNA, ìyẹn ẹ̀dà ìlànà inú jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, ni líìsì yẹn, purotéènì ni oúnjẹ tó dórí tábìlì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà, líìsì ni wọ́n ń kà ṣáá, wọ́n á ka mRNA inú sẹ́ẹ̀lì tán, wọ́n á ya àwòrán aláràbarà, wọ́n á wá ní àwọn ti mọ irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò ṣá?

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni mo mú wá. Inú mùdùnmúdùn eegun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi purotéènì ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ tó bá gbó tán, hẹmoglóbìn, tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, nìkan á kó bíi 95% àwọn purotéènì tó yòrò nínú ẹ̀, hóró kan ṣoṣo á gbé nǹkan bíi 270 mílíọ̀nù. Wọ́n á ní GATA1, purotéènì kan tó ń tan jíìnì, ló tan jíìnì ẹ̀. Ó tan án lóòótọ́, gbogbo yín mọ ìyẹn. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń ju núkílíọ́ọ̀sì ẹ̀, ibi tí jíìnì wà, síta! Ọ̀gá alásè ti gba ilé lọ, kò sẹ́ni tó máa kọ líìsì tuntun, síbẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì ń sè fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí mRNA hẹmoglóbìn kì í tètè jẹrà, àwọn purotéènì kan dì mọ́ ìdí ẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò ó. Ẹ kán dáì bùlúù sí ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ máa rí nǹkan bí òwú tó lọ́ pọ̀ nínú àwọn hóró kan, ìyókù ribosome nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń ka mRNA tó fi ń ṣe purotéènì, ààrò tíná ẹ̀ ò tíì kú. Nínú àwọn tó ti gbó, ẹ ò ní rí òwú kankan.

Tí èròjà ò bá wá tó ńkọ́? Heme, èròjà inú hẹmoglóbìn tí áyọ́ọ̀nù (iron) wà láàárín ẹ̀, tó bá ti dín kù, purotéènì kan tó ń jẹ́ HRI á jí, á lọ fi fọ́sífétì sára eIF2α, purotéènì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìsè, gbogbo ìsè á rọlẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni tí áyọ́ọ̀nù ò tó lára ẹ̀ kéré. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan líìsì o.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni bí sẹ́ẹ̀lì yìí ṣe ń tú ààrò fúnra ẹ̀ dànù, alága bá na aago sí mi. Ká gé e kúrú: ubiquitin, purotéènì kékeré kan, ni wọ́n fi ń sààmì sóhun tó máa lọ sí ààtàn, inú irú sẹ́ẹ̀lì yìí gan-an, ti ehoro, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hershko, Ciechanover àti Rose ti rí i, wọ́n gba Nobel ní 2004, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ UBE2O ló sì ń sààmì sára ribosome.

Ìyá kan bá dìde lẹ́yìn. Ó ní ọmọ òun ní síkùlà, kí ló dé tí ò ṣàìsàn rárá títí ó fi pé bí oṣù mẹ́fà?

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní, ẹ ṣé, Mà. Hẹmoglóbìn inú oyún lọmọ tuntun ṣì ń lò, síkùlà ò sí nínú ìyẹn. Purotéènì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló ń pa jíìnì ẹ̀ lẹ́nu mọ́ tó bá yá. Mo wá kọjú sáwọn ọ̀rẹ́ mi: mRNA BCL11A wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú oyún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbàlagbà, àmọ́ purotéènì ẹ̀ ò tó nǹkan, torí purotéènì mìíràn, LIN28B, jókòó lé líìsì, ò jẹ́ kí wọ́n sè é! Ẹ rí i àbí?

Ẹnì kan ní Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń gé jíìnì, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún síkùlà ní December 2023 ńkọ́, ṣebí ibi tí wọ́n ti ń tan jíìnì BCL11A ni wọ́n gé. Ó dáa, líìsì ni wọ́n fà ya níbẹ̀, mo gbà.

Ìyá yẹn ní èló ni wọ́n ń tà á. Mo ní mílíọ̀nù 2.2 dọ́là.

Ó ní, “Dókítà, líìsì lẹ kà fún mi yẹn o.”