Aago Ọwọ́ Yín Ò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Ẹ wo iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ aago ọwọ́ tó ń ka oorun yìí. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbé irú iná bẹ́ẹ̀ mì. Bí ọkàn bá lù, tí ẹ̀jẹ̀ ya wọ ọwọ́, iná tó ń padà sínú aago á dín kù. Ibẹ̀ ló ti ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn ń ṣọ́ bí ọwọ́ ṣe ń mì. Ohun méjèèjì yìí ni áàpù aago náà lórí fóònù fi ń méfò pé ẹ ti sùn, tàbí pé ẹ wà nínú oorun àsùnwọra. Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ oorun wò, orí ni wọ́n ń lẹ wáyà mọ́, torí ọpọlọ ló mọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tó ń ro gbèsè, aago lè kọ ọ́ pé ó ti sùn.

Nítorí náà, àpapọ̀ wákàtí ni kí ẹ mú lò. Ìṣẹ́jú àsùnwọra, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ó wá ku ti ọjọ́ ọjà. Ká ní gàárì lẹ̀ ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde, tí ẹ ń ná ọjà ọrọọrún, tí ẹ sì ń jí ní ìdájí ọjọ́ ọjà. Áàpù á pín oorun yín sí Mọ́ńdè títí dé Sọ́ńdè, gbogbo rẹ̀ á sì fẹ́ dọ́gba. Ẹ kà á wò: bí ọjà bá ná ní Mọ́ńdè, Fúráìdé ló kàn, lẹ́yìn náà Túsìdé, Sátidé, Wẹ́sìdé, Sọ́ńdè, Tọ́sìdé. Láàárín ọjọ́ 28, ọjà ti kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Àìsùn yín ti fara pa mọ́!

Ẹ kó àkọsílẹ̀ yín jáde sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to nọ́ńbà sínú tábìlì. Ẹ fi ìlà òòró kan kún un: ọjọ́ ọjà ni 1, àwọn tó tẹ̀lé e ni 2, 3, 4. Ẹ ṣọ́ra o, ọ̀pọ̀ áàpù ń kọ oorun sí ọjọ́ tí ẹ jí; oorun tí ẹ sùn mọ́jú ọjọ́ ọjà ló máa wà lábẹ́ 1. Ẹ yọ òru Ojúde Ọba kúrò. Ẹni tó jó, tó tún mutí, ọkàn rẹ̀ ò ní lù bíi ti tẹ́lẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìpíndọ́gba wákàtí oorun fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn onímọ̀ oorun ní kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7, ó kéré tán. Bí 1 nìkan ò bá tó o, alẹ́ ọjọ́ 4 ni kí ẹ ti tètè wọlé sùn. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.