Bí wọ́n bá ní kí ọmọ sùn sí Àrò

"Ṣé Àrò lo ti sá wá ni?" Gbogbo wa la ti fi ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ìyá tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀, ọlọ́dún 15, yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní wọ́ọ̀dù, kò ní rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú ni wọ́n ń dá dúró o. Ọ̀pọ̀ ń rí dókítà, wọ́n a sì padà sílé. Èyí tó ń wá ọ̀nà àtipa ara rẹ̀, èyí tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ tí kò sì rí oorun sùn, irú wọn ni wọ́n ń dá dúró.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì á tú báàgì. Á yọ bẹ́líìtì, á mú bíléèdì, á fa okùn kúrò lára bàtà. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti máa ń ba òbí: ṣé ọmọ mi ti di ẹlẹ́wọ̀n ni? Rárá. Ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe ni wọ́n ń kó pamọ́. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, nọ́ọ̀sì á dúró tì í títí á fi gbé e mì.

Mi ò dá ẹ̀rù yẹn lẹ́bi. Lantoro, l'Abẹ́òkúta, níbi tí ọsibítù Àrò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú lójú ogun ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀.

Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló yí i padà lọ́dún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká, mọ̀lẹ́bí kan sì ń tẹ̀ lé aláìsàn wá. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín àwọn tó ń roko, tó ń gúnyán. Ẹni tó mọ orúkọ àbísọ rẹ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti dá ọmọ yín dúró, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló lè dúró tì í? Ìgbà wo la lè wá kí i? Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó ń fún un lóògùn?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú un lọlé, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì pé kó padà wá. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Kí ẹ sì gba okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.