Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e: kíkọ́ ọmọ tó mọ̀wé ju kíláàsì ẹ̀ lọ nílé, láì mú ẹ̀sìn wọ̀ ọ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Pálọ̀ mi ní Surulere la wà, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè ló ń dún yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó ti pinnu láti kọ́ ọmọ wọn nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ọmọ ti ka ìwé kíláàsì ẹ̀ tán kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún láàárọ̀ kó má baà lọ súkúù, ẹ ti mọ ìyẹn. Ìbéèrè yín ni pé kí lẹ máa fi kọ́ ọ nílé tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi o. Ọkọ mi ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ wa ń bá àwa méjèèjì lọ. Ẹ̀sìn ní àyè tiẹ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n ìwé sáyẹ́ǹsì, mo fẹ́ kó jẹ́ ìwé sáyẹ́ǹsì. Àwọn páàkì homeschool kan wà, ìyẹn àkójọ ìwé gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì fún kíkọ́ ọmọ nílé, bí ACE (Accelerated Christian Education) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Texas ní 1970, orí ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ kà, ẹni tó bá wù kó rà á. Tí kò bá wù yín, kí ẹ tó sanwó páàkì kankan, ẹ ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ọjọ́ orí ilé ayé. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.5, ó dáa. Tí wọ́n bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Tí wọn ò bá mẹ́nu kàn án rárá ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè dáadáa, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò.

Ó yá. IBI TÍ GBOGBO YÍN TI Ń ṢÌ Í RÈÉ! Ẹ ń ra odindi páàkì. Ọmọ ọdún 8, ẹ ní ó mọ̀wé, ẹ lọ ra ti kíláàsì kẹfà fún un, gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì pátá. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ ṢE BẸ́Ẹ̀.

Màmá mi ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún ní Mushin. Tí ẹ bá mú ọmọ wá, kì í bi yín pé ọmọ ọdún mélòó ni, téèpù ló máa yọ látọrùn, á wọn èjìká, á wọn àyà, á wọn apá, á kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó ti gbó. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé tí apá ọmọ bá gùn, ẹ ò ní torí ìyẹn fẹ ọrùn aṣọ ẹ̀.

Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní ọdún 8, ìṣirò ọmọ tèmi ti dé JSS1, ìwé tí ọmọ ọdún 13 ń kà ló ń kà, àmọ́ ẹ ní kó kọ párágíráàfù kan, á ní ọwọ́ ń dun òun, omi á lé sójú. Ní ti ìwé kíkọ, ọmọ ọdún 8 ṣì ni! Owó tí mo fi ra odindi páàkì nígbà yẹn tó owó súkúù táàmù kan, oṣù méjì péré la lò ó, torí gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì ló ń ní kó kọ èsè. Ẹ WỌ̀N Ọ́N KÍ Ẹ TÓ GÉ E. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tiẹ̀.

Ọ̀fẹ́ lẹ máa wọ̀n ọ́n. Lórí Khan Academy, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, course challenge wà fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó kó gbogbo kọ́ọ̀sì náà pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì tó ti kọjá, ẹ máa gòkè, ibi tó bá ti ń kùnà ni kẹ́ ẹ dúró. Fún ìṣirò, mo fẹ́ràn ìwé Beast Academy, tó bá dàgbà sí i, ti Art of Problem Solving. Àwọn ìbéèrè tí kò ṣeé dáhùn wéré ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò kùnà rí ní súkúù á bínú, á ju bírò sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jù ú, á padà wá gbé e. Ìwé kíkà, Project Gutenberg, láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́. Tí dátà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dáńlóòdù áàpù kan tó ń jẹ́ Kolibri sórí láptọ̀ọ̀pù, ẹ kó fídíò Khan Academy sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìtàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wọn o, ẹ gbé ọmọ lọ sí John Randle Centre ní Onikan, ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àṣà àti ìtàn Yorùbá.

Ìdánwò ńkọ́? Kò sí ọjọ́ orí kan pàtó fún IGCSE, ìdánwò girama ti Cambridge, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ British Council, ẹ sì lè mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣirò lọ́dún yìí, bàọ́lọ́jì tó bá ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré! Ọdún 16 ni wọ́n ń gbà wọ yunifásítì níbí, àfi àwọn díẹ̀ tí JAMB bá yẹ̀ wò. Tó bá parí gbogbo ẹ̀ ní 11, kí ló máa fi ọdún márùn-ún ṣe? Ẹ jẹ́ kó wa ilẹ̀ jìn níbi tó wà.

Ẹ tọ́jú fáìlì o. Òfin UBE (Universal Basic Education) ti 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ parí ẹ̀kọ́ prámárì àti JSS, torí náà tẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, déètì, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó pamọ́. Tèmi rèé lórí tábìlì, ó ti nípọn báyìí. Nínú fídíò tó ń bọ̀, màá ṣí i fún yín láti ojú ewé àkọ́kọ́.