Ta Ló Ni Nọ́ńbà Wọ̀nyí?

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí baseball Amẹ́ríkà àti steroid, oògùn tó ń fún ẹran ara lágbára. Ọ̀dọ̀ Hank Aaron, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ní 8 April 1974, ní Atlanta, ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá, home run 715 rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi kọjá 714 ti òyìnbó tó ń jẹ́ Babe Ruth. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, lẹ́tà ìhàlẹ̀ ikú ń ya wọlé tọ̀ ọ́ wá, nítorí pé aláwọ̀ dúdú fẹ́ borí òyìnbó. Ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ọ kiri. Síbẹ̀ ó ń gbá a lọ títí ó fi dé 755 ní 1976. Ẹ pe 755 létí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn eré yìí, kò ní bi yín pé 755 kí ni.

Ohun tí wọ́n fi oògùn jí gan-an nìyẹn: ìtumọ̀ nọ́ńbà.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn agbábọ́ọ̀lù ní 1994 pa World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún náà, inú sì bí àwọn òǹwòran. Nígbà tó di 1998, agbábọ́ọ̀lù méjì, Mark McGwire àti Sammy Sosa, bẹ̀rẹ̀ sí í lé home run 61 tí Roger Maris gbá ní 1961, èyí tó pọ̀ jù lọ́dún kan. Ní 8 September, McGwire gbá 62 ní St. Louis. Sosa, tó jẹ́ alátakò, sáré wá dì mọ́ ọn. McGwire lọ bá àwọn ọmọ Maris níbi tí wọ́n jókòó sí, ó gbá wọn mọ́ra. Àwa náà sunkún ayọ̀! Bẹ́ẹ̀, oṣù tó ṣáájú, oníròyìn kan ti rí ìgò androstenedione, oògùn tó jọ steroid, nínú kọ́bọ́ọ̀dù McGwire. Baseball kò tíì fòfin de oògùn yẹn nígbà náà. Oníròyìn yẹn ni wọ́n wá dojú èébú kọ.

Ìdí ọ̀rọ̀ mi rèé: àwọn ọ̀gá baseball ń rí i. Pápá ń kún, owó ń wọlé, wọ́n sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé “àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ṣẹ̀” ń dáàbò bo àwọn tó gba epo.

Ẹ jẹ́ kí n sáré, alága ti ń wo aago. McGwire parí sí 70. Ní 2001 Barry Bonds gbá 73, ẹni tí kò gbá tó 50 rí lọ́dún kan, tó sì ti lé ní 36 ọdún. Ìwádìí tí wọ́n ní kí George Mitchell ṣe lórí oògùn náà dárúkọ agbábọ́ọ̀lù 89 ní 2007. McGwire jẹ́wọ́ ní 2010 pé òun lo steroid. Bonds ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ lò ó, ní 2015 ilé ẹjọ́ sì fagi lé ẹ̀bi tí wọ́n ti dá a.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti dìde: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí 1947 tó dé, wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá. Ṣé 714 ti Ruth mọ́ ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo gbé ìwé mi sílẹ̀.

Ọmọ mi, Ruth kọ́ ló ṣòfin yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Josh Gibson, ògbóǹtarìgì líìgì aláwọ̀ dúdú, kú ní January 1947. April ọdún yẹn ni Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú, wọ líìgì ńlá. Ní 2024 ni líìgì ńlá tó wá ka iṣẹ́ àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú mọ́ tirẹ̀, Gibson sì bọ́ sókè Ty Cobb, òyìnbó tó wà lókè tẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù já: 372 nínú 1,000, sí 367. Àwọn tó ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé a kì í fọwọ́ kan ìwé àkọsílẹ̀ ti fọwọ́ kàn án báyìí. Kí ló wá dé tí wọn ò lè kọ òtítọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 70 àti 73? Ní 2022, nígbà tí àyẹ̀wò oògùn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, Aaron Judge gbá 62. Ọmọ Maris sọ pé Judge ló ni àkọsílẹ̀ tòótọ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.